Àwọn Tó Ń Gbẹ́ Ilẹ̀ Lẹ́yìn Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bọ́ kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, kí wọ́n yó, kí wọ́n bí sí i, kí n wá da oògùn lé wọn lórí kí n lè wo èyí tí yóò kú àti èyí tí kò ní kú. Àwọn tí kò kú ni mò ń wá. Bí gbogbo wọn bá kú, a jẹ́ pé mo ti fi ọjọ́ náà ṣòfò.

Màmá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa aṣọ láró ní Òṣogbo, gbìyànjú títí kí iṣẹ́ yìí lè yé e. Ó bi mí nígbà kan pé, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kú ni, àbí o ò fẹ́ kí wọ́n kú?" Mo ní mo fẹ́ mọ àwọn tí oògùn ò ràn mọ́, kí àwọn dókítà lè mọ oògùn tí kò tún yẹ kí wọ́n fi ṣòfò lára èèyàn. Ó ronú sí i. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn ìrun Àsàrí pé, "Alihamudulilai, ọmọ mi ń sin kòkòrò." Ọ̀rẹ́ náà ní kó má mikàn, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn.

Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo ni mò ń gbé, nínú ilé kan tí àwa ayálégbé pọ̀ sí. Wọ́n máa ń rí mi ní ìdájí tí mo bá ń gbé kúlà búlúù jáde. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ti gbà pé yógọ́ọ̀tì ni mò ń tà. Ó tiẹ̀ ń bínú sí mi díẹ̀ pé mi ò tà fún òun rí.

Kúlà yẹn ni mo gbé lọ sí Ìperindó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí mo fẹ́ sọ yìí. Wọ́n ń wa góòlù níbẹ̀. Ilẹ̀ tó bá sì ní góòlù, kì í ní góòlù nìkan. Àwọn irin mìíràn máa ń wà níbẹ̀, májèlé sì ni òmíràn nínú wọn. Kòkòrò tó bá ti pẹ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á kọ́ bí a ṣe ń ti májèlé jáde kúrò nínú ara. Ẹnu ọ̀nà tó fi ń ti májèlé jáde yìí kan náà ló lè fi ti oògùn ọsibítù jáde, bí kò tilẹ̀ pàdé oògùn náà rí láyé rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìperindó. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní ìbéèrè tó dáa ni. Ó ní òun ì bá bá mi lọ, orúnkún òun ni kò jẹ́.

Mo wọ ọkọ̀ dé Iléṣà, mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ni oko kòkó tó wà létí odò tí àwọn awagóòlù ń lò. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ló wá ni àṣẹ lórí ilẹ̀ náà. Mo bá a níwájú ilé tó ń rẹ́ ilá.

"Ẹ kú ilé, Ìyá," mo kúnlẹ̀.

"Káàbọ̀, ọma mi." Ìjẹ̀ṣà ni tirẹ̀, "ọma" ni wọ́n ń pe ọmọ, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé. "Kí lo wá ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ bu erùpẹ̀ díẹ̀ àti omi díẹ̀, láti fi wo kòkòrò tó wà nínú wọn.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kòkòrò? Nínú ilẹ̀ mi? Ta ló sọ fún ọ?"

Mo ní kí ó má bínú, pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní kòkòrò, pé ó wà lọ́wọ́ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí pàápàá. Ó wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ulé ná, kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí mo fọwọ́ tán, ó gbà. Ó ní kí n bu erùpẹ̀ tó bá wù mí, bí mi ò bá ti ní fọwọ́ kan kòkó òun.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń bu erùpẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ṣíbí onírin kan ni mò ń lò. Kí n tó fi bu erùpẹ̀ níbì kan, mo gbọ́dọ̀ rì í sínú sípíríìtì kí n sì fi iná sí i, kí kòkòrò ibi àkọ́kọ́ má bàa bá mi dé ibòmíràn. Nítorí náà, níbi kọ̀ọ̀kan, mo wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, mo dáná sun ṣíbí, mo dúró wò ó títí ó fi tutù, mo kúnlẹ̀, mo bu erùpẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré, mo tẹ ìgò náà sáàárín yìnyín. Lẹ́yìn náà mo ri igi kan mọ́lẹ̀ tí mo so aṣọ pupa mọ́, kí n lè dá ibẹ̀ mọ̀ bí mo bá padà wá. Mi ò rò pé ohunkóhun wà nínú èyí tó lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Àwọn awagóòlù ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Olórí wọn jókòó lórí àpáta, ọkùnrin gàgàrà kan tó fi aṣọ wé ẹsẹ̀ òsì. Òun nìkan ló kí mi.

"Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣé o. Ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́."

"Ṣé ó wà ńbẹ̀?"

Mo rò pé kòkòrò ló ń béèrè. "Ó wà ńbẹ̀," mo ní. "Ó pọ̀ gan-an."

Ó mi orí.

Nígbà tí ìgbà òjò kọjá, mo padà lọ bu erùpẹ̀ lójú ibi kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà iṣẹ́ wa. Kò sí ojú ibi kan náà mọ́. Gbogbo ibi tí mo ti bu erùpẹ̀ ti di ihò. Òmíràn jìn débi pé àkàbà ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ igi mi nù. Ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti rì í padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, aṣọ pupa rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màdáámù," olórí wọn ní. "A ti ń retí yín."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ síbí?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó wà ńbẹ̀."

"Kòkòrò ni mo sọ!"

"A gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a fọ̀rọ̀ àṣírí pamọ́ sí lọ́wọ́. "Èyí tó wà lábẹ́ igi obì yẹn dáa. A rí nǹkan ńbẹ̀. A dúpẹ́."

"Àwọn ihò yòókù ńkọ́?"

"A ò tíì gbẹ́ ẹ jìn tó ni."

Mo pe gbogbo wọn jọ, mo ṣàlàyé. Mo ní mi ò mọ ohunkóhun nípa góòlù, mi ò lè rí i, bí ó bá wà lábẹ́ bàtà mi mi ò ní mọ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bí mo ṣe ń sẹ́ tó ni wọ́n ń gbà pé mo mọ̀ ọ́n tó, nítorí ta ni yóò mọ ibi tí góòlù wà tí yóò jẹ́wọ́? Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà fún mi. Ìyá Oníṣíbí ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ yẹn.

Mo fi igi àti aṣọ pupa sílẹ̀, mo ń fi fóònù sàmì sí ibi tí mo bá ti ṣiṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ibi tí mo jókòó sí jẹ búrẹ́dì. Ibì kan wà tí mo yà sí nínú igbó nítorí tara mi. Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ náà, mi ò sì béèrè ohun tí wọ́n rí. Ọkùnrin kan gbéra láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá bá mi. Ó ní òun ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá títì Àkúrẹ́, pé mi ò ní láti bu nǹkan kan, kí n ṣáà rìn gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ìròyìn náà dé Òṣogbo, ọ̀gá mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun mọ̀, òun kàn ní kí òun béèrè ni.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹsẹ̀ olórí wọn kò sàn. Ní ọjọ́ kan tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì dá a mọ̀. Ó dùn díẹ̀, bí ọsàn tó ti pẹ́ nínú àpò. Kòkòrò kan wà ní láàbù mi tó máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣí ìdérí àwo rẹ̀ tí mo gbọ́ òórùn yẹn, inú mi máa ń dùn, torí ó fi hàn pé ó ń ṣe dáadáa. Lẹ́bàá odò yẹn, inú mi kò dùn.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ṣọ́bìrì ló ṣá mi. Ó ti pẹ́."

"Kí lẹ ń lò sí i?"

Ó yọ ọ̀rá kékeré kan láti inú àpò, kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò ló kún inú rẹ̀. Ó ṣí kápúsù kan sí méjì, ó tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ́n lúbúlúbú inú rẹ̀ sójú egbò bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sẹ́ja. "Mò ń gbé e mì, mo sì ń dà á sí i. Tí kò bá gbọ́, oníkẹ́míìsì tó wà ní títì á fún mi ní òmíì."

Mo ní kí ó lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Ó ní wọ́n á gé ẹsẹ̀ òun. Mo ní bí kò bá lọ, ẹsẹ̀ náà á gé ara rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un bí kòkòrò ṣe ń gbọ́n: bí èèyàn bá ń fi oògùn díẹ̀ díẹ̀ nà wọ́n, àwọn tí kò lágbára á kú, àwọn alágbára á kù, àwọn alágbára yẹn ni yóò sì bímọ. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní bí ti àwọn awagóòlù náà ló rí, àwọn tó bá lè fara dà á ló máa ń kù. Kò lọ síbì kankan. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ni mo ń sọ ọ́, gbogbo ìgbà ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó wá di ọjọ́ kan tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́. Ìyá tó ni ilẹ̀ wà níbẹ̀, ó wá wo bí wọn ò ṣe ní gbẹ́ dé ìdí kòkó rẹ̀. Ọkùnrin náà pè mí.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

"Mo ti sọ fún yín pé èmi kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú èèyàn."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ wò ó ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń wo ilẹ̀."

Gbogbo wọn ti gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ìyá ní, "Wò ó fún un, ọma mi."

Ó ṣe mí bíi kí n tún sẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń sẹ́ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì tíì gbà. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ náà, mi ò fọwọ́ kàn án, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ti ń yọ àwọ̀ ewé lábẹ́ lúbúlúbú kápúsù.

"Ó wà ńbẹ̀," mo ní. "Ó ti jìn. Àwọn kápúsù yín ò lè dé ibi tó wà. Iléṣà ni wọ́n ti lè gbẹ́ ẹ jáde. Lónìí ni."

Ó na ọwọ́ sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e dìde. Kí n tó kó ìgò mi jọ, wọ́n ti gbé e sórí ọ̀kadà, ó ti lọ.

Kì í ṣe irọ́ ni mo pa. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo sọ tí mi ò ti sọ tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ tọjọ́ yẹn.

Mo tẹ̀lé wọn dé ọsibítù. Dókítà tó gbà á fẹ́ mọ oògùn tí yóò ran kòkòrò náà, ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti tán lọ́wọ́ wọn. Ó fi òwú nu ojú egbò náà, ó di òwú náà, ó sì ní kí n bá òun gbé e lọ sí láàbù wa. Mo gbé e sínú kúlà, mo gbé kúlà lé itan nínú ọkọ̀ láti Iléṣà dé Òṣogbo. Ẹni tó jókòó tì mí béèrè bóyá ó ṣẹ́ ku ọ̀kan tó tutù dáadáa. Mo ní ó ti tán.

Ní láàbù, mo tẹ́ kòkòrò náà sínú àwo pẹlẹbẹ, lórí oúnjẹ wọn tó rí bí ẹ̀kọ tútù. Mo to àwọn pépà róbótó kéékèèké lé e lórí, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára pépà kọ̀ọ̀kan. Bí oògùn kan bá ká kòkòrò lápá, àyíká pépà rẹ̀ á mọ́ roro, nǹkan kan ò ní hù níbẹ̀. Bí kò bá ká a lápá, kòkòrò á hù dé etí pépà náà gan-an, á fara tì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ àwo náà. Wọ́n ti hù dé etí pépà. Mo yí i, mo wò ó sójú iná. Àwọn kápúsù tó ń dà sójú egbò, kòkòrò náà ti fara tì wọ́n. Àwọn tó lágbára jù wọ́n lọ, ó ti fara ti àwọn náà. Pépà kan ṣoṣo ló wà tí àyíká rẹ̀ mọ́, abẹ́rẹ́ kan tí wọn kì í sáré lò ni.

Mo ti rí irú àwo bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ya fọ́tò wọn, mo ti gbé wọn sójú ògiri níwájú àwọn èèyàn tó wọ kóòtù, wọ́n sì ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni mo jókòó. Mo ti jẹ iṣu ọkùnrin yìí.

Mo pe dókítà náà.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ó ní.

"Ó dá mi lójú. Abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló kù."

"Ó dáa náà. A ti mọ ohun tí a ó máa wá kiri nìyẹn."

Wọ́n wá a, wọ́n rí i. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Nígbà tó padà sí Ìperindó, kò sọ̀kalẹ̀ sínú ihò mọ́. Oko kòkó ìyá yẹn ló ń bá a mójú tó báyìí, ó ní ẹsẹ̀ òun fẹ́ràn orí ilẹ̀. Ohun tó sọ fún gbogbo ìlú ni pé Ìyá Oníṣíbí rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ òun, pé òun gan-an rí ojú mi bí mo ṣe ń rí i. Láti ìgbà náà, bí awagóòlù bá farapa, wọ́n á pè mí lórí fóònù. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ lọ sí Iléṣà." Wọ́n sì máa ń lọ. Mi ò tíì rí àlàyé kankan tí mo ṣe ní yunifásítì tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí náà parí. Òótọ́ ni, àwọn kòkòrò inú erùpẹ̀ yẹn mọ bí a ṣe ń ti oògùn tí wọn ò pàdé rí jáde. Nígbà tí mo kọ ọ́ ránṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè ìdí tí mi ò fi padà bu erùpẹ̀ lójú ibi kan náà. Mo dá a lóhùn pé ojú ibi náà kò sí mọ́. Ó ní kí n ṣàlàyé sí i. Mo kọ ọ́ pé àwọn ará àdúgbò ní ohun mìíràn tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe.

Oníkẹ́míìsì tó wà ní títì dá mi dúró ní ọ̀sán kan. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ó máa ń wọ aṣọ funfun bí ti dókítà.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ tó wo olórí sàn yẹn, ẹ bá mi dárúkọ ẹ̀. Bí mo bá ń tà á níbí, àwọn èèyàn ò ní máa rìn jìnnà mọ́."

Ire ló ní lọ́kàn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó ṣòro. Mo ní bí ó bá ń tà á bí ẹni ń ta súìtì, láìpẹ́ kò ní ran ẹnikẹ́ni mọ́.

"Bí àwọn tí mò ń tà yìí ṣe dà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé èmi nìkan ló tà wọ́n ni, mà?"

"Rárá. Gbogbo ayé ni."

Ó ronú. "Bí wọn ò bá rà á lọ́wọ́ mi, ibòmíì ni wọ́n á ti rà á."

Mo kàn ní mi ò rántí orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní Ìperindó tí mo mọ ibi tí nǹkan wà lóòótọ́ tí mo sì sẹ́.

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí mo rí abẹ́rẹ́ náà nínú àpótí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tò wọ́n sí iwájú, àwọn ìgò kéékèèké, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ikọ́. Ó ní ẹnì kan tó lọ kí aláìsàn ka orúkọ rẹ̀ lára ìgò ní ọsibítù. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé inú tèmi náà á dùn.

"Ta ló ń gún un fún wọn?"

"Wọn kì í gún un, mà. Ojú egbò ni wọ́n ń dà á sí."

Mo lọ sílé ìyá tó ni ilẹ̀, mo sọ fún un. Mo ti múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé gígùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló bi mí.

"Bí wọ́n bá ń dà á sílẹ̀ báyìí, tó bá wá di ọjọ́ tí èmi náà farapa ńkọ́?"

"Kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, Ìyá."

Ó dìde, ó gbé àga rẹ̀, ó lọ gbé e sí ẹnu ọ̀nà oníkẹ́míìsì náà, ó jókòó. Ọjọ́ kejì ó tún lọ. Ẹni tó bá ti fẹ́ ra ìgò yẹn, á pè é mọ́ra, á sọ fún un pé Ìyá Oníṣíbí ní ẹni tó bá ṣí i nínú ulé, góòlù á kó kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó ti tàn dé Ìpetu, mi ò sì wá bí n ó ṣe tún un ṣe.

Oníkẹ́míìsì kó àwọn ìgò náà kúrò. Ó ní òun ti dá wọn padà fún ẹni tó kó wọn wá. Mi ò mọ ẹni náà, mi ò sì mọ ibi tó tún kó wọn lọ. Mo lọ sọ fún Ìyá pé iṣẹ́ ti parí, kí ó máa bọ̀ nílé. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé afẹ́fẹ́ tutù níbẹ̀ ju iwájú ulé òun lọ, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń kí òun.